Ẹgbẹ́ ìlú wa fẹ́ kọ ìtàn ìlú sórí ayélujára: ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ̀ka Èkó. Ìlú wa ò tóbi. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìwó tí oorun sì gbé yín díẹ̀, ẹ ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sínú Google lónìí, ilé epo kan àti bí òjò ṣe máa rọ̀ lọ́la ni ẹ máa rí. Ìdí nìyẹn tí a fi pinnu nípàdé tó kọjá pé ká kọ ìtàn ìlú sórí ayélujára, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè rí nǹkan tọ́ka sí.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé: ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 46 tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí kábíyèsí pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, fọ́tò tó lé ní 60 tó fọ́n káàkiri inú fóònù èèyàn, àti ohùn bàbá kan tó ti lé ní 90 ọdún, ìṣẹ́jú 24, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹ ó máa gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn.

Ẹnu wa ò kò. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká gbé e sí Wikipedia, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan kan wá kún un. Àwọn kan ní ká ra ìkànnì tiwa, ká tì í pa. Alága ní kó máa wà lórí WhatsApp bó ṣe wà, kí ló ń lé wa léré?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" dá mi lóhùn, gbogbo ìpàdé la ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ti bá èèyàn púpọ̀ jọ kọ nǹkan sórí ayélujára rí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dùn níbẹ̀? Kí ló jó yín lọ́wọ́?

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Akọ̀wé, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Tiwa kì í ṣe Wikipedia o, fáìlì Google Docs lásán ni, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan.

Ní 2019, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ iléèwé kan (ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀) ní ká kọ ìtàn iléèwé wa. Mo ṣí fáìlì, mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni 39. Ẹ wò ó, adùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gbogbo ayé mi ni mo fi gbàgbọ́ pé ìjì ló wó igi máńgò iwájú gbọ̀ngàn wa lọ́dún 1983. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé 1981 ni. Ẹlòmíràn ní ìjì wo? Kọngílá tó ń kọ́ yàrá ẹ̀kọ́ tuntun ló gé e, òun tiẹ̀ jẹ nínú máńgò tó já bọ́ lọ́jọ́ náà. Kí a tó mọ̀, obìnrin kan ní Ìbàdàn ti ya fọ́tò kan sí i: àwa mẹ́rin lórí kùkùté igi yẹn, ẹ̀yìn fọ́tò ní bíírò aláwọ̀ búlúù, "March 1982". Èmi wà nínú fọ́tò náà! Mo jókòó lórí igi tí mo ní ìjì máa wó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ì bá jókòó kọ ọ́, irọ́ gidi ni mo fẹ́ tẹ̀ fún ọmọ aráyé, tọkàntọkàn.

Ìkorò rẹ̀ wá: ẹnì kan ń kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Àìmọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì, ó sì tẹ "k". Ojú-ewé 60 di "k". Mo jí ní aago márùn-ún, mo ṣí i, mo figbe ta tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Ìbejì fi rò pé wọ́n pè láti ilé pé ẹnì kan ti kú. Ọmọ mi ló fi hàn mí pé fáìlì náà ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe láti ọjọ́ kìíní, èèyàn kàn máa padà sẹ́yìn ni. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo wa lè kà, gbogbo wa lè sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré ló lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ gan-an.

Kí n sì tó gbàgbé: nínú ẹni 39 yẹn, márùn-ún ló kọ nǹkan. Iṣẹ́ àwọn yòókù ni kí wọ́n wá wo bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀ àti bóyá a kọ ọ́ dáadáa.

Láńtoro

Mo ti ń ṣàtúnṣe lórí Wikipedia, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, láti 2014. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fojú fò ó tí ó bá sú yín.

Wikipedia kì í ṣe ilé yín. Ẹni tó bá tètè gba ìyẹn, ìdajì wàhálà rẹ̀ ti tán. January 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà wọ́n ti ní òmíràn, Nupedia, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló gbọ́dọ̀ yẹ àyọkà kọ̀ọ̀kan wò kó tó jáde. Ó dára, àmọ́ ìgbín yá jù ú lọ. Àyọkà tó parí níbẹ̀ kò tó 30 kí wọ́n tó pa á tì. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ni èrò rọ́ wọlé. Ilẹ̀kùn kan náà ni olè àti oníbàárà ń gbà, ẹ ò lè ti ọ̀kan mọ́ta kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀ṣọ́. Tí ọmọkọ́mọ kan bá kọ èébú sí ojú-ewé tí ojú pọ̀ sí báyìí, kí ẹ tó mu omi tán ni wọ́n máa ti pa á rẹ́; ẹ̀rọ pàápàá wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ti Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000, ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ wọn ò pọ̀. Mo rí àyọkà olóṣèlú kan tí wọ́n kọ sí i pé "ó sáré fún gómìnà ní ẹ̀ẹ̀mejì". Ẹ̀rọ ló túmọ̀ "ran for governor" bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹni 60 ọdún, agbádá lọ́rùn, ń sáré! Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, "wọ́n gbé e sókè ní Ìbàdàn". Mo sọ ọ́ di "Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà", mo wá wo ìtàn àtúnṣe rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé bàbá náà sókè tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn tó ń kọ irú èyí, ìdíje ló sábà máa ń gbé wọn dé. Wọ́n á ní ẹni tó bá kọ àyọkà tó pọ̀ jù máa gba ẹ̀bùn. Àyọkà á máa rọ̀ bí òjò fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa tó kù la ó máa gbálẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Èmi ò lòdì sí ìdíje pátápátá o, ibẹ̀ ni èmi náà gbà wọlé. Àmọ́ kí wọ́n máa san owó ìgbálẹ̀ náà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn míì jù báyìí lọ. Ní 2020 ni àṣírí tú pé ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè Scots, èdè tí wọ́n ń sọ ní Scotland, ló kọ apá ńlá nínú Wikipedia èdè náà. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Á kọ Gẹ̀ẹ́sì, á wá máa ti inú ìwé atúmọ̀ fa ọ̀rọ̀ Scots sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyọkà. Kò ní ẹ̀tàn nínú, ó rò pé òun ń ṣoore. Fún ọdún méje kò sí àgbà nílé tó máa bi í pé "ọmọ, kí lò ń sọ?"

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín léèrè ṣáájú ohunkóhun, Akọ̀wé. Kíkọ ò ṣòro. Ẹni mélòó nínú yín ni yóò ṣì máa ṣí ojú-ewé yẹn wò ní ọdún mẹ́ta sí i?

Ní ti ohun tó wà lọ́wọ́ yín: ẹ má da ìwé pẹlẹbẹ yẹn kọ lódindi. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, wọ́n á sì pa á rẹ́ ní wéré. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ọ́, kí ẹ wá kọ orúkọ ìwé àti ojú-ewé sí ìsàlẹ̀. Fọ́tò tí ẹ wà jáde láti Facebook, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín yà ni kí ẹ gbé sí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó fọ́tò sí, kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ ti gbé e síbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà kó fi ṣe kàlẹ́ńdà tà ní Oshòdì, tó bá sáà ti dárúkọ yín. Ó dun àwọn èèyàn púpọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Tí ó bá máa dùn yín, ẹ má ṣe é.

Ọmọ_Àwòrò

Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ìlú mọ̀ ni ìlú ń sọ. Ohun orò, ẹ má gbé e sí i. Ibi tí ojúbọ wà, ẹ má fi àmì sí i lórí máàpù. Ẹ rántí ohun tí àwọn olè kó lọ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Ifẹ̀ ní 1994, ibi tó ní ẹ̀ṣọ́ nìyẹn o. Igbó tiyín ò ní ẹ̀ṣọ́ kankan ju ìbẹ̀rù lọ, ẹni tó sì ti ìlú òkèèrè wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù.

Ẹ lọ bi àwọn tó ni ín kí ẹ tó kọ ọ́. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Yínká_Kóòdù

Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Kí ló dé tí ẹ ò kàn ya fọ́tò ìwé pẹlẹbẹ yẹn kí ẹ fún ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, kó kọ gbogbo rẹ̀? Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Láńtoro

@Yínká, ó máa kọ ọ́, kò sì ní kọ̀. Ó tún máa bá yín fi ọba méjì tí kò jẹ rí kún un. Ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè, Stack Overflow, ẹ mọ ibẹ̀ jù mí lọ. December 2022 ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìdáhùn ChatGPT síbẹ̀ mọ́, nítorí pé ó ń fọwọ́ sọ̀yà sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé àwọn ẹ̀rọ yìí, orí irú ojú-ewé tí à ń sọ yìí ni wọ́n ti kọ́ Yorùbá. Gómìnà tó sáré lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ ti kà á. Á tún fi túmọ̀ fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún á tún gbé e padà wá fún wa.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé ọ̀wọ́n, ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn. Ohun tí Láńtoro sọ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àmọ́ ó ku ibì kan tó máa kọ yín lẹ́sẹ̀, ohùn bàbá arúgbó yẹn.

Òfin Wikipedia ni pé ohun tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ ti jáde níbòmíràn rí, nínú ìwé, nínú ìwé ìròyìn. Bàbá ẹni 90 ọdún tó mọ orúkọ gbogbo ọba ìlú lórí, wọn ò kà á sí. Ọmọ ọdún 24 tó kọ ọ́ lójú-ewé kan nínú ìwé ìròyìn, tó sì jẹ́ pé bàbá yẹn náà ló bi, òun ni wọ́n kà sí. Mo ti bínú sí i títí, ó rẹ̀ mí. Ní 2011 àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ ní Íńdíà àti ní Gúúsù Áfíríkà: wọ́n gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe ẹ̀rí fún àyọkà. Ó dùn mí pé òfin ò tìtorí rẹ̀ yí padà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo ronú sí i. Ìwé títẹ̀ náà kì í ṣe ọlọ́run. February 2009, wọ́n fi Karl-Theodor zu Guttenberg ṣe mínísítà ètò ọrọ̀ ajé ní Jámánì. Orúkọ ọkùnrin yìí pọ̀ bí oríkì, bíi mẹ́wàá. Ẹnì kan yọ́ wọ Wikipedia lálẹ́, ó fi "Wilhelm" kún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìwé ìròyìn ti gbé e jáde, Wilhelm wà láàárín. Àwọn ti Wikipedia wá bèèrè pé ẹ̀rí dà? Wọ́n ní ẹ wò ó nínú ìwé ìròyìn. Irọ́ bí ọmọ, ọmọ wá ń jẹ́rìí fún un.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí nǹkan nípa ìlú yín nínú ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá, ẹ bi ara yín pé níbo ni òun náà ti rí i. Ó lè jẹ́ inú ìwé pẹlẹbẹ yín ni.

Àwọn ọmọ iléèwé mi a máa bi mí pé ṣé kí àwọn gba Wikipedia gbọ́. Èmi a ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé níbi tí wọ́n to àwọn ìwé sí, kí wọ́n lọ wá ọ̀kan kà nínú rẹ̀. Ní 2005 ìwé àtìgbàdégbà Nature kó àyọkà sáyẹ́ǹsì 42 jọ láti Wikipedia àti láti Britannica, ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò àtayébáyé ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ wò láìsọ èyí tó ti ibì kan wá. Àṣìṣe bíi mẹ́rin ni wọ́n rí nínú àyọkà Wikipedia kan, mẹ́ta nínú ti Britannica. Inú bí àwọn Britannica gidigidi. Èmi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, sáyẹ́ǹsì sì ni, níbi tí ojú pọ̀ sí. Ìtàn ìlú kan lẹ́yìn Ìwó, ojú mélòó ló máa wà níbẹ̀?

Ẹ dákun, ẹ má tìtorí gbogbo èyí tẹ̀ lé ti alága yín. Ọ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan kì í ṣe ìpamọ́. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Ó kú ní 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló tún un kó jọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì di 1921 kó tó jáde. Ẹ̀yin wá ní ohùn bàbá yín wà lórí fóònù ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ náà ń gun ọ̀kadà?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Tíṣà, ẹ ò ní pa mí. Ó ń gùn ún o! Mo ti ní kó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́rin lálẹ́ yìí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ya báyìí. Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, mo ṣí fáìlì kan lánàá, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti tì í, gbogbo èèyàn ló lè fọwọ́ kàn án. Mo kọ ọ́ pé ìdílé mẹ́ta ló ń jọba nílùú wa, bó ṣe wà nínú ìwé pẹlẹbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìlà kan yẹn ti yí padà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Ní aago méjì òru, ẹnì kan yọ bàbá ńlá ẹlòmíràn kúrò nínú àwọn ọba, ó ní adelé ni. Ẹni tí wọ́n yọ bàbá rẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò gbé e.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Yéè! Ẹ tì í kíá! Ẹ tì í kí ẹ tó ka èyí tí mo ń kọ yìí tán.

Láńtoro

Ó dáa bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì yín. Ká ní orí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ padà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lójú-ewé kan láàárín wákàtí 24, wọ́n lè tì í mọ́ta. Wọn ò ní bèèrè pé bàbá ta ló jọba.

Ẹ má dá ẹjọ́ yẹn. Iṣẹ́ yín kọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ìdílé báyìí sọ báyìí, ìdílé tọ̀hún sọ tọ̀hún, kí ẹ sì kọ ibi tí kálukú ti sọ ọ́. Ẹ wá lọ wo ìkéde oyè ìlú yín, bó bá wà: ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi Òfin Olóyè 1957 ní kí wọ́n kọ ìdílé tó ń jọba sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ yín lè ní ẹ̀dà rẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà ní àwọn ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àwọn ìlú láyé àwọn 1930. Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ o, torí ajẹ́lẹ̀ náà kọ ohun tí ẹni tó gbà á lálejò sọ fún un ni. Tí ọ̀rọ̀ bá wà ní kóòtù lọ́wọ́, ẹ fo ìlà yẹn pátápátá.

Kí ẹ sì fi gbogbo ìjà tó wà nínú ìtàn àtúnṣe fáìlì yẹn pamọ́. Mi ò fi ṣeré. Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú ń bá ara rẹ̀ jà lé lórí, ibẹ̀ ló máa rí i. Ìwé pẹlẹbẹ ò lè sọ ìyẹn fún un, ẹni kan ló kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó pa rẹ́.

Awòmáàpù

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kúrò lórí ọba díẹ̀. Ibi tí mo rí i pé àjọṣe ti rọrùn jù ni máàpù. OpenStreetMap, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, ẹnikẹ́ni lè yà á. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní January 2010, Port-au-Prince fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lórí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn tí kò dé Haiti rí, tí wọ́n jókòó sílé wọn, ti fi fọ́tò sátẹ́láìtì ya títì ìlú náà, àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ sì ń lò ó. Kò sí iléeṣẹ́ kan tó lè yára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ò mọ orúkọ. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ya àdúgbò wa láti inú yàrá, a kọ "Ìsàlẹ̀ Odò" sí ibì kan nítorí pé odò wà níbẹ̀. Mo lọ ra ẹ̀kọ lọ́jọ́ kan, mo fi han ìyá ẹlẹ́kọ. Ó wò ó, ó nu ọwọ́, ó tún wò ó. "Ta ló sọ fún yín pé Ìsàlẹ̀ Odò nìyí? Agbo-ilé Àgbẹ̀dẹ ni. Ìsàlẹ̀ Odò wà lókè lọ́hùn-ún." Lókè! Mo ní mà, báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe wà lókè? Ó ní odò ìgbà yẹn kọ́ nìyí, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọjà lórí ni. Ẹ fi títì àti ilé bẹ̀rẹ̀ o, Akọ̀wé, ìjà ibẹ̀ kéré. Kí ẹ sì gbé fóònù tọ àwọn ìyá ọjà lọ.

Àléébù rẹ̀: lánlọ́ọ̀dù kan ti fi orúkọ ara rẹ̀ sọ títì wa lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń dá a padà. Mo rò pé ó ń kà mí báyìí.

Ọmọ_Àwòrò

Ìyá ẹlẹ́kọ yẹn ni kí ẹ fi ṣe alága.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Bàbá arúgbó yẹn, ṣé ó mọ̀ pé ohùn òun fẹ́ lọ sí ayélujára? Kì í ṣe ká kàn sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Nínú fáìlì tiwa, ẹnì kan kọ ìdí tí wọ́n fi lé ọmọbìnrin kan kúrò níléèwé ní 1979. Ó rò pé ìtàn lásán ni òun ń sọ. Ọmọbìnrin náà ti di ìyá àgbà ní Manchester, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì mọ̀. A yọ ọ́, àmọ́ ẹni mélòó ló ti kà á? Ohun tí èèyàn 39 jọ kọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbà pé ẹjọ́ òun ni. Èmi ni mo lọ tọrọ àforíjì.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Mo padà dé o. Ẹ ṣeun, ẹ ò mọ iye wàhálà tí ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí a bá a dé rèé. Fáìlì wà ní títì, ẹni mẹ́ta ló lè yí i padà, ọ̀kan láti ìdílé ọba kọ̀ọ̀kan (àwọn kẹrin ní àwọn náà ń bọ̀, a ní kí wọ́n mú ìwé wá). A ò tíì gbé ìtàn ọba síbi kankan. Ọmọ wa kan tó wà ní poli ti bẹ̀rẹ̀ máàpù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àyọkà Wikipedia máa kéré: ibi tí ìlú wà, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, iléèwé, odò. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la gbà láti máa ṣọ́ ọ. A ti fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi létà ránṣẹ́ sí wa tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Alága ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ó ní mo kó ọ̀rọ̀ ìlú lọ síta. Bóyá òótọ́ ni.

Mo lọ bá bàbá fúnra mi lánàá, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo ṣàlàyé, ó ní ayélujára wo? Mo ní gbogbo ayé máa gbọ́ ọ. Ó ní ṣé wọ́n máa sanwó? Mo ní rárá, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó burú. Mo wá ka ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi dé orí odò, ó wá gbọwọ́ sókè. Ó ní orúkọ tí a kọ yẹn, àwọn tó ṣe ọ̀nà nígbà ayé Awólọ́wọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ tì. Orúkọ odò gan-an, ó ní orin kan wà tí wọ́n fi ń pè é, àwọn ìyá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń lọ pọnmi.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ṣé ẹ gba orin náà sílẹ̀?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́

Fóònù mi ti kú nígbà yẹn, sà. Ilẹ̀ sì ti ṣú, wọ́n ní kí bàbá wọlé lọ sùn. Mo sun ìlú, mi ò padà sí Èkó. Mo ti ṣáàjì fóònù méjì báyìí, mo sì ti ra àkàrà tó fẹ́ràn. Mò ń dúró kó jí.